Ará oko ló ń pẹ́ láyé ni, àbí ará ìlú?

Ògiri ni ìwé ìròyìn wa ní Ìjẹ̀bú. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Gárééjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ tó rí ọ̀kadà tí ẹ máa gùn, ẹ ti máa mọ ẹni tó kú, ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe àìsùn rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti máa gba àlejò. Pósítà lórí pósítà ni: ìyá kan tó wé gèlè, ẹni ọdún 93, bàbá kan tó dé fìlà abetí-ajá, ẹni ọdún 88, ìyá mìíràn, 101. Bẹ́ ẹ bá wá wo ìsàlẹ̀ pósítà, ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti Èkó. Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Ìṣarà ni, Àbígí ni, tàbí abúlé kan tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ nìkan ló mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ka ògiri yìí lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ gbà pé oko ni ẹ̀mí gígùn wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà. Lẹ́yìn ìsìnkú kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sọ níwájú wọn pé ìwádìí fi hàn pé ọmọ tí wọ́n bá bí sí ìlú ní Nàìjíríà ló ní àǹfààní láti pẹ́ láyé ju èyí tí wọ́n bí sí abúlé lọ. Bàbá sọ ife ẹmu kalẹ̀. Wọ́n ní, “Ka àwa tá a jókòó sábẹ́ ìbòòji yìí. Ta ni kò tíì lé ní 75 nínú wa? Lọ ka irú wa wá fún mi ní Èkó.” Mo kà wọ́n. Èèyàn 8 ló jókòó, 6 nínú wọn ló ti lé ní 75. Mi ò rí nǹkan sọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀ látìgbà yẹn. Bàbá ò parọ́, ìwádìí náà ò sì parọ́. Nǹkan ọ̀tọ̀ ni bàbá ń kà, nǹkan ọ̀tọ̀ ni èmi náà ń kà, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà la jọ ń pè é. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti wá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ ká ti tú u.

Nígbà tí rédíò bá sọ pé iye ọdún tí ọmọ Nàìjíríà ń lò láyé jẹ́ bíi 54, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ ni pé béèyàn bá ti pé 54, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tí kò lè fọkàn balẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 53 rẹ̀ nítorí òǹkà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìpíndọ́gba ni 54 yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọmọ 100,000 ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ á wo bí ikú ṣe ń pa àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́dún yìí, wọ́n á yọ iye tó máa kú nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan. Wọ́n á tún wo bí ikú ṣe ń pa àwọn tó ti lé ní ọdún kan lọ́dún yìí kan náà, wọ́n á tún yọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bá a lọ, láti orí ọmọ ilé ìwé dórí géndé, dórí arúgbó, títí gbogbo 100,000 yẹn á fi tán. Wọ́n á wá ro gbogbo ọdún tí gbogbo wọn lò pọ̀, wọ́n á pín in sọ́nà 100,000. Ohun tó bá já sí ni rédíò ń kà fún wa. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, Ifá kọ́ ló sọ ọ́. Ó kàn ń fi bí ikú ṣe rìn lọ́dún kan hàn wá ni, bó ṣe mú ọmọdé àti bó ṣe mú àgbà. Ẹni tó bá sì ti pé 53 ti la gbogbo ibi tí ikú ti ń mú ọmọdé kọjá. Ọdún tó kù fún un kò sí nínú 54 tí wọ́n kà fún ọmọ tuntun.

100,000 ti pọ̀ jù fún orí. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn 10, 10 ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo kọ àpẹẹrẹ yìí, kì í ṣe abúlé kankan ni mo ń bá wí.

Abúlé bí èèyàn 10. Ọ̀kan kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bí i, ẹ kà á sí 0. Ọ̀kan kú ní ọdún 1, ọ̀kan ní ọdún 2. Ìyá ọlọ́mọ kan kú ní 35. Àwọn yòókù kú ní 58, 66, 71, 76, 84 àti 87. Bẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 480 ni. Bẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà 10, ó di 48. Ìlú náà bí èèyàn 10. Ọmọdé kan péré ló kú níbẹ̀, ní ọdún 1. Àwọn yòókù kú ní 40, 55, 60, 63, 67, 70, 72, 75 àti 77. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 580, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 58.

Ìlú fi ọdún 10 gbáko ju abúlé lọ. Síbẹ̀, ẹ tún wò ó dáadáa: kò sí ẹnì kan nínú àwọn ará ìlú yẹn tó pé 80, abúlé sì ní méjì. Bẹ́ ẹ bá wá yọ àwọn ọmọdé tó kú kúrò níbi méjèèjì, tó jẹ́ pé àwọn tó dàgbà nìkan lẹ kà, ìpíndọ́gba abúlé di nǹkan bíi 68, ti ìlú di nǹkan bíi 64. Abúlé ti wá borí. Èèyàn kan náà la kà, kò sẹ́ni tó yí òǹkà padà. Ohun tó yí padà ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti dàgbà. Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ògiri Ìjẹ̀bú-Òde náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ta ló ń tẹ pósítà fún ọmọ ọdún 2? Òkú ọ̀fọ̀ kì í ní àìsùn, kì í ní aṣọ ẹbí, wọn kì í pe onílù sí i. Wọ́n á sin ín kíákíá, àwọn àgbà á rọ òbí kí wọ́n má wo ẹ̀yìn, kí wọ́n máa wo iwájú. Àwa Yorùbá kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí á má tilẹ̀ sọ pé a máa ka èyí tó ti lọ. Báyìí ni gbogbo ikú tó ń fa ìpíndọ́gba abúlé wálẹ̀ ṣe ń kọjá láìsí àmì lára ògiri, nígbà tí ikú arúgbó ń gba àwòrán aláwọ̀ mèremère. Orúkọ nìkan ló gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, Rọ́tìmí, Dúrósinmí: ẹni tó bá ń jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí, òun ni ẹ̀rí pé àwọn kan ti wá ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró.

Nígbà tí mo padà lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè pé ọmọ mélòó ni ìyá wọn bí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn bí 9, àwọn 4 ló dàgbà. Ìgbóná ló mú méjì lọ, gìrì mú ọ̀kan. Àwọn méjì yòókù, wọn ò pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn 5 yẹn ò sí lábẹ́ ìbòòji lọ́jọ́ tí bàbá ní kí n kà wọ́n.

Àwọn kan á sọ pé, ṣebí Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí sí Ìkẹ́nnẹ́ ní 1915, kú ní oṣù Kẹsàn-án 2015 nígbà tó ku oṣù méjì péré kí wọ́n pé 100? Ṣebí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí wọ́n bí ní 1934, ló wàjà ní 2025 ní ẹni ọdún 91? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lásìkò tí wọ́n bí wọn, ikú ọmọdé pọ̀ nílẹ̀ yìí ju tòde òní lọ fíìfíì. Ẹni tó bá kọjá ìgbà èwe lè lọ jìnnà ní ìgbà yẹn náà. Kíkọjá ìgbà èwe ni iṣẹ́.

Wàyí o, òǹkà gidi. Àjọ Ìkànìyàn ilẹ̀ wa máa ń ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìlera ẹbí, NDHS ni wọ́n ń pè é. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2013, tí wọ́n wo ọdún 10 tó ṣáájú rẹ̀, nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí sí ìlú, 100 ló kú kí wọ́n tó pé ọdún 5. Ní abúlé, 167. Nínú ti 2018, ti ìlú wálẹ̀ sí 92, ti abúlé wálẹ̀ sí 157. Inú mi dùn pé méjèèjì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo àárín wọn: 67 ní ìgbà àkọ́kọ́, 65 ní ìgbà kejì. Àlàfo yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ọmọ 65 nínú ẹgbẹ̀rún kan ni iye tó ń kú ní abúlé ṣì fi ju ti ìlú lọ.

Ìwádìí 2018 yìí kan náà pín orílẹ̀-èdè sí ẹkùn. Ní ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, 62 ló ń kú nínú 1,000. Ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, 187. Nítorí náà, kéèyàn tó béèrè pé ìlú ni àbí oko, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé ìlú ibo, oko ibo. Ọ̀rọ̀ “abúlé” lásán ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Kódà láàárín Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, abúlé kò dọ́gba. Ará Ìlíṣàn ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Babcock ní ìlú ara rẹ̀, ará Ìkẹ́nnẹ́ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù. Ìjẹ̀bú-Òde ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ wá fi aláboyún tó wà ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀sà, lápá Ìwopín tàbí Màkún-Omi, wé wọn, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀ sì ti ṣú.

Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí 2. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìlú àti oko nìyí: aago ló ń pààyàn níbẹ̀. Ìkọlù gìrì kò dúró de ọkọ̀ àárọ̀. Oró ejò kò dúró de ọjọ́ ọjà. Ọmọ tó ń ṣu tó ń bì lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Gbogbo àìsàn yìí ló ní ìtọ́jú, ìtọ́jú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbówó lórí. Iye wákàtí tó wà láàárín àìsàn àti ìtọ́jú ni ìlú fi sàn ju oko lọ.

Ní 1994, obìnrin onímọ̀ méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, pín ìdádúró tó ń pa aláboyún sí mẹ́ta, mi ò sì tíì rí ìpín tó yé èèyàn jù ú lọ. Àkọ́kọ́ ni ìdádúró inú ilé: kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti àgbo, kí bàbá ọmọ tó wà ní Èkó tó gbé fóònù, kí owó tó jáde. Ìkejì ni ìdádúró ojú ọ̀nà: ọkọ̀ dà, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọlọ́kadà kò fẹ́ gbé ẹni tó ń rọbí. Ìkẹta ni ìdádúró ilé ìwòsàn: wọ́n dé, iná ò sí, dókítà ò sí lórí iṣẹ́, wọ́n ní kí ọkọ lọ ra gílófù àti abẹ́rẹ́ wá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára kò tíì dé. Ìdádúró kejì ni ìlú ti sàn ju abúlé lọ gan-an. Àkọ́kọ́ wà níbi méjèèjì. Ìkẹta kò mọ ìlú yàtọ̀ sí oko, mo sì ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan nínú ìlú rí, tí ọ̀nà tá a gbà débẹ̀ kò gbà wá ju ìṣẹ́jú 10 lọ, tá a sì dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá wa lóhùn.

Ṣé bí wọ́n bá ti kọ́ ilé ìwòsàn sí abúlé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Wọ́n ti dán èyí wò nílẹ̀ Yorùbá níbí, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà sọ ọ́ fún ara wa. Ní 1975, àwọn onímọ̀ méjì, Orubuloye àti Caldwell, gbé ìwádìí kan jáde lórí Ìdó àti Ìsínbọ̀dé ní Èkìtì. Ìlú kékeré méjì tó jọra ni wọ́n, iṣẹ́ wọn jọra, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìdó ní ilé ìwòsàn, Ìsínbọ̀dé kò ní. Àwọn ọmọ Ìdó ń yè ju ti Ìsínbọ̀dé lọ. Caldwell wá fi ìmọ̀ ìwé ìyá kún un, ó sì ṣírò rẹ̀ báyìí: bí ilé ìwòsàn bá wà nítòsí tí ìyá kò kàwé, iye ọdún tí ọmọ lè retí láyé fi ìdá 20 nínú 100 lé sí i. Bí ìyá bá kàwé tí ilé ìwòsàn kò sí, ó fi 33 lé. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, ó fi 87 lé.

Ẹ ro 20 mọ́ 33, 53 ni. Kí ló wá gbé e dé 87? Ìyá tó kàwé, tó sì ní ilé ìwòsàn nítòsí, kì í dúró kí ẹlòmíì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó lè ka ara ìgò oògùn. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, ó máa padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì lè bá a sọ̀rọ̀ láì wólẹ̀. Nínú ilé, ó lè sọ pé “a ń lọ báyìí” kí wọ́n sì gbọ́. Ìdádúró àkọ́kọ́ ni ìwé ń gé kúrò. Nígbà tí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀rọ̀ síléètì àti ìwé ABD ni gbogbo èèyàn rò pé ó jẹ́. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọdé ni pẹ̀lú, àwọn ọmọbìnrin tó wọ kíláàsì lọ́dún yẹn ló di ìyá lẹ́yìn náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tún wà tó yẹ ká dárúkọ rẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School. Nígbà tó di mínísítà ìlera, láti 1985 dé 1992, ohun tó gbájú mọ́ ni ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu. Oníṣègùn ọmọdé ni. Ó mọ ibi tí ikú ti ń já ìpíndọ́gba gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí ayé ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, pé ìlú ní ẹ̀mí gígùn, oko kò ní. Ìgbà kan wà tí ìlú ni ibojì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Farr, onímọ̀ òǹkà, fi ikú ọdún 1841 ṣírò pé ọmọ tí wọ́n bí sí Surrey, tó jẹ́ ìgbèríko, lè retí ọdún 45. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 37. Ti Liverpool, ìlú ọkọ̀ ojú omi tí owó ń wọ̀ lójoojúmọ́, jẹ́ 26. Àwọn èèyàn ń kún inú yàrá kan bí iṣu inú àgbá, ìgbẹ́ ń ṣàn sínú omi tí wọ́n ń mu, onígbáméjì ń jà. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ̀nà omi ìdọ̀tí sábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fa omi mímọ́ wọ ilé, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ni ìlú yí padà. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ará ìgbèríko ṣì fi nǹkan bí ọdún 2 ju ará ìlú lọ, torí ọ̀pọ̀ olówó ló kó lọ sí ìgbèríko, ọ̀nà wọn sì dán. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni: ìlú ló fi ju ìgbèríko lọ ní 0.4 ọdún láàárín 1969 sí 1971, nígbà tó fi máa di 2005 sí 2009, àlàfo náà ti di ọdún 2. Ibi tí omi mímọ́, dókítà àti owó bá kó lọ ni ẹ̀mí gígùn ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀tàn kan wà nínú òǹkà tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí mo ti rí i nínú ìwé ìròyìn wa náà. Ní 1842, Edwin Chadwick, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ọjọ́ orí tí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester fi ń kú jẹ́ 17 ní ìpíndọ́gba, ti àwọn òṣìṣẹ́ Rutland ní ìgbèríko sì jẹ́ 38. Ìyà ń jẹ Manchester lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ọjọ́ orí òkú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí Farr ṣírò. Ẹ gbé e wá sí Àgọ́-Ìwòyè. Ìlú yunifásítì ni, àwọn ọmọ ilé ìwé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bẹ́ ẹ bá ka òkú àdúgbò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbé, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn á kéré gan-an. Ṣé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń pààyàn ni? Rárá. Kò sí arúgbó níbẹ̀ tó máa kú ni. Lọ́nà kan náà, abúlé tí gbogbo ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Èkó kò ní òkú mìíràn tó lè ní ju òkú arúgbó lọ. Ìyẹn gan-an sì ni ògiri pósítà wa.

Ìlú ní ikú tirẹ̀, mi ò fẹ́ fi bò. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń jẹun lálẹ́, kò sùn dáadáa, ó sì ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tàbí Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í ya fún ẹnikẹ́ni. Ní ibí yìí, bàbá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko lójoojúmọ́ ní àǹfààní tí owó kò lè rà fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyẹn tan ara wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lóko, wọn ò wọ̀n ọ́n ni. Nígbà tí ó bá mú ẹnì kan lọ lójijì, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ti àwọn ìyá tó ń yan gaàrí ló sì dùn mí jù. Gaàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń yìn, nínú èéfín ni wọ́n ti ń yan án, láti ọmọdébìnrin títí dé ọjọ́ ogbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní 2020. Ikọ́ tí ìyá yẹn ń wú, tí gbogbo wa ń pè ní ikọ́ ògbó, kì í ṣe ogbó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìyangaàrí tó ní ihò tó ń gbé èéfín jáde kì í ṣe nǹkan ńlá láti kọ́, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó ń kọ́ gbọ̀ngàn sílé rò ó.

Ìṣòro kan kù nínú òǹkà ìlú àti oko tó kan àwa Ìjẹ̀bú ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Nínú ìkànìyàn Nàìjíríà, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn sì jẹ́ ti 2006, ibi tí èèyàn 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé ni wọ́n ń kà sí ìlú. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú kì í gbé ibì kan. Ó ń ṣòwò ní Èkó, ó kọ́lé sí Òru, ó ń wálé fún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, bó bá fẹ̀yìn tì, á kó wálé pátápátá. Ọdún 40 ni ìlú fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó fi rí dókítà nígbà tó yẹ. Ó wá kú sílé ní 86, pósítà rẹ̀ ń fi abúlé yangàn. Òmíràn sì wà tí àìsàn dá dúró ní Èkó ní 45, tí wọ́n gbé wálé pé kí ìyá rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀, tó kú síbẹ̀. Abúlé náà ni wọ́n ka ikú yẹn sí. Ọmọ abúlé tí wọ́n sáré gbé lọ sí Ṣágámù, tó kú nínú ilé ìwòsàn, ìlú ló gba ikú tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òǹkà kankan, ẹ béèrè pé ibo ni ẹni náà ti gbé ayé rẹ̀, kì í ṣe ibi tó kú sí nìkan.

Àwọn tó ṣòro jù láti kà ni àwọn tí ò pẹ́ rárá. Nínú ìwádìí 2018, 39 nínú ọmọ 1,000 ló kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, ẹnikẹ́ni kò lọ forúkọ ìbí wọn sílẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ikú wọn. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn márààrún yẹn sínú ìwé ẹbí wa, wọ́n sì gbà. Wọ́n rántí orúkọ mẹ́ta, wọ́n pè wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́. Àwọn méjì yòókù kò ní orúkọ. Ọjọ́ kẹjọ wọn ò tíì pé.